Sálúbàtà Òwú: Ọ̀rọ̀ fún Ẹni tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Iṣẹ́ Ìhun

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé pẹ̀lú wa ní Kétu, ní Mile 12 àti ní Ìkòsì, a mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ti jí ṣáájú àkùkọ lónìí, kí ẹ lè bá ọkọ̀ ata àti tòmátì tí ó ti Òkè Ọya dé. Bí ó ti rẹ̀ yín tó yẹn, ẹ tún wá jókòó láti gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ sálúbàtà ni a mú wá. Kì í ṣe sálúbàtà onírọ́bà tí a ń rà ní ọjà Kétu o. Èyí tí a fi òwú wúùlù àti abẹ́rẹ́ méjì hun ni, tí ń bo ẹsẹ̀ láti gìgísẹ̀ dé ọmọ-ìka, tí a ń wọ̀ nínú ilé.

Ẹnìkan lè béèrè pé: "Ọ̀gá, kí ló pa ìwé kíkà pọ̀ mọ́ òwú híhun? Àbí ẹ fẹ́ sọ kíláàsì di ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ni?" Ìbéèrè gidi ni. Ẹ jẹ́ kí a dáhùn rẹ̀ kí a tó mú abẹ́rẹ́.

Ó ti pẹ́ tí a ti ń ṣe iṣẹ́ ìmọ̀ọ́kọ-ìmọ̀ọ́kà yìí. A ti rí ẹni tí ó bá wa kàwé, tí ó ń kọ orúkọ ara rẹ̀ geerege, tí ó gba ìwé ẹ̀rí, tí a bá a jó, tí a bá a yọ̀. Lẹ́yìn ọdún 2, a pàdé rẹ̀ níbi tí wọ́n ti gbé ìwé kan síwájú rẹ̀ pé kí ó fọwọ́ sí i. Àtàǹpàkò ni ó nà sí yíǹkì. Ojú tì í nígbà tí ó rí wa. Ó ní: "Ọ̀gá, ó ti fò lọ." Kì í ṣe pé orí rẹ̀ kò pé. Kò sí ohun tí ó ń kà nílé ni, kò sì sí ohun tí ó ń kọ. Ọ̀bẹ tí a fi sí àjà a máa dípẹtà.

Nítorí èyí ni a ṣe ń wá iṣẹ́ tí yóò máa béèrè lẹ́tà àti nọ́ḿbà lọ́wọ́ yín lójoojúmọ́. Ata títà kò fi dandan béèrè rẹ̀. Ẹlòmíràn lè ta ata fún 30 ọdún, kí gbogbo gbèsè àwọn oníbàárà wà lórí rẹ̀ láìkọ ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n sálúbàtà híhun béèrè rẹ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ méjì ni Ọlọ́run fún ènìyàn.

Ẹ gbọ́ bí ó ti rí. Ìyá kan wà nínú kíláàsì wa tí ó ń ta ata rodo ní Mile 12. Ìyá tí ó bí i ti dàgbà púpọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó ń gbé ní Ìkòsì. Nígbà ọyẹ́, ẹsẹ̀ ìyá àgbà yìí a máa tutù bí omi àmù, ilẹ̀ ilé náà sì jẹ́ táìlì. Oníata wa ra òwú, ó kọ́ ìhun lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹsẹ̀ kìn-ín-ní, ilé ni ó ti hun ún ní ọjọ́ Àìkú, ara rẹ̀ balẹ̀. Ẹsẹ̀ kejì, ìdí ọjà ni. Bí ó ti ń hun ni ó ń wọn ata, bí ó ti ń wọn ata ni ó ń bá alárù ṣe gbólóhùn asọ̀. Nígbà tí ó parí, ó gbé e fún ìyá rẹ̀. Ìyá àgbà wọ̀ ọ́, ó dìde, ó gbé ẹsẹ̀ méjì, ni ó bá yára di ògiri mú. Ó ní: "Ọmọ mi, o kú iṣẹ́, wàá jèrè ọmọ. Ṣùgbọ́n èyí ń fún mi, èyí sì fẹ́ bọ́. Ṣé ẹsẹ̀ tèmi náà lo wọ̀n báyìí?"

Oníata kó sálúbàtà náà wá sí kíláàsì nínú láílọ́ọ̀nù. A gbé méjèèjì lé orí tábìlì, a kà wọ́n. Ọ̀kan ní ojú 30 ní ìbú, èkejì ní 34. Ọ̀kan ní ebè 26, èkejì ní 29. A bi í pé: "Ìyá, ojú mélòó ni ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ti àkọ́kọ́?" Ó ní: "Ọ̀gá, mo mọ̀ ọ́n lórí nígbà yẹn."

Ẹni tí ó ti lè kọ 30 sára pátákó ni ó sọ bẹ́ẹ̀ o.

Ẹ ó fẹ́ mọ ohun tí a ń pè ní ojú àti ebè. Àwọn apẹja Àgbóyì, ní etí omi lẹ́yìn Kétu, kò ní béèrè. Àwọ̀n wọn ní ojú, iṣẹ́ ìhun náà sì ní ojú. Ojú kọ̀ọ̀kan jẹ́ òrùka òwú kékeré kan tí ó gun orí abẹ́rẹ́. Bí ẹ bá hun gbogbo ojú tí ó wà lórí abẹ́rẹ́ tán, ẹ ti hun ìlà kan. Bí ẹ bá hun ìlà méjì ní ọ̀nà tí a ó ṣàlàyé, ẹ ó rí ibi tí ó ga sókè lára iṣẹ́ náà, bí ebè oko. Ebè 1, ìlà 2. Nítorí náà, ebè 26 jẹ́ ìlà 52.

Ìhun kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ wa. Àwọn ará Ìṣẹ́yìn ń fi òfì hun aṣọ òkè títí di òní. Ṣùgbọ́n ti òfì yàtọ̀. Òwú púpọ̀ ni a ń ta sílẹ̀ níbẹ̀, tí a sì ń fi òmíràn dá a lábùú. Ti abẹ́rẹ́ méjì, òwú kan náà ni ó ń wọ inú ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń fà bí ẹsẹ̀ bá wọ inú rẹ̀. Ìdí kan náà ni ó fi ń tú bí ojú kan bá bọ́. A sì rí àwọn bàbá kan tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín ní ẹ̀yìn yẹn, wọ́n rò pé iṣẹ́ obìnrin ni. Ẹ lọ sí Ìṣẹ́yìn kí ẹ wo ẹni tí ó jókòó sí ìdí òfì. Ọkùnrin ni ó pọ̀ jù níbẹ̀.

Ohun èlò kò pọ̀. Abẹ́rẹ́ ìhun méjì, bọ́ọ̀lù òwú méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ gíráàmù 50, abẹ́rẹ́ ńlá kan tí ojú rẹ̀ fẹ̀, téèpù télọ̀, pẹ́ńsùlù, àti ìwé. A dárúkọ ìwé kẹ́yìn, ṣùgbọ́n òun ni kí ẹ kọ́kọ́ rà.

Ẹ wo ìdí abẹ́rẹ́ ìhun, ẹ ó rí nọ́ḿbà. Abẹ́rẹ́ ayé ìsinsìnyí, mílímítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: 4, 5, 6. Bí nọ́ḿbà bá ti ń tóbi ni abẹ́rẹ́ ń nípọn. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àtijọ́ ti àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì, irú èyí tí ìyá àgbà lè ní nínú àpótí, ìdàkejì ni tirẹ̀. Bí nọ́ḿbà bá ti ń tóbi ni abẹ́rẹ́ ń tín-ín-rín. Nọ́ḿbà 8 àtijọ́ ni mílímítà 4. Nọ́ḿbà 6 àtijọ́ ni mílímítà 5. Mílímítà 5 ni a fẹ́. Àwọn ọmọ ilé-ìwé a máa fi sípóòkù kẹ̀kẹ́ kọ́ ìhun. Ó dára fún títọ́ ọwọ́, ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín jù fún sálúbàtà. Bí owó abẹ́rẹ́ kò bá sí, ẹ gbẹ́ ọparun gbígbẹ, kí ẹ sì fi sáńpépà dán an kí ó má máa fa òwú.

Ní ti òwú, ẹ ka ìwé pélébé tí ó yí bọ́ọ̀lù ká kí ẹ tó sanwó. Ohun tí a ń pè ní wúùlù lọ́jà, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í ṣe irun àgùntàn. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ yìí níbẹ̀, acrylic, òwú àtọwọ́dá ni. Kò burú. Ó rọrùn láti fọ̀, owó rẹ̀ sì kéré sí ti irun àgùntàn. Ṣùgbọ́n iná a máa yọ́ ọ bí ọ̀rá, a sì lẹ̀ mọ́ ara. Kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́ dáná, kí ẹ má sì sá a sí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù. Ìwé kan náà a máa ní nọ́ḿbà àwọ̀ lára. Ẹ rí i pé nọ́ḿbà bọ́ọ̀lù méjèèjì bára mu, nítorí pé pupa àná àti pupa òní lè yàtọ̀ síra bí iná mànàmáná bá tàn sí wọn lára.

Ó yá, ẹ mú abẹ́rẹ́. Òwú kan láti inú bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, ẹ pa méjèèjì pọ̀ kí ẹ máa lò wọ́n bí ẹyọ kan. Yóò nípọn, yóò sì yá. Ẹ ta kókó kan tí ń sún, ẹ fi abẹ́rẹ́ kan bọ inú rẹ̀. Ojú kìn-ín-ní nìyẹn. Ẹ fi òwú yí àtàǹpàkò ọwọ́ òsì ká, ẹ ki ẹnu abẹ́rẹ́ bọ abẹ́ òwú tí ó wà lórí àtàǹpàkò náà, ẹ yọ àtàǹpàkò kúrò, ẹ rọra fà á kí ó dì mọ́ abẹ́rẹ́. Ojú kejì nìyẹn. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má fà á le jù. Ẹni tí ó bá fà á le jù yóò jìyà ní ìlà kejì, abẹ́rẹ́ kò ní ráyè wọlé.

Ẹ gbé abẹ́rẹ́ tí ojú wà lórí rẹ̀ sí ọwọ́ òsì, èyí tí ó ṣófo sí ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ ki ẹnu abẹ́rẹ́ ọ̀tún bọ ojú àkọ́kọ́ láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn. Ẹ fi òwú yí ẹnu abẹ́rẹ́ ọ̀tún náà ká lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fa òwú yìí gba inú ojú wá síwájú. Ẹ jẹ́ kí ojú àtijọ́ bọ́ kúrò lórí abẹ́rẹ́ òsì. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí gbogbo ojú bá ti kọjá sí ọwọ́ ọ̀tún, ẹ pààrọ̀ ọwọ́, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ojú 10 péré ni kí ẹ fi kọ́ ọ. Bí ó bá di 11 láìjẹ́ pé ẹ fi kún un, ẹ ti ki abẹ́rẹ́ bọ ibi tí kì í ṣe ojú. Bí ó bá di 9, ọ̀kan ti bọ́, ẹ wá a kí ó tó tú dé ìsàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun kan níhìn-ín. Nínú ìwé ìhun ti Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà K ni wọ́n fi ń dúró fún ọ̀nà tí a ṣàlàyé yìí. Ọ̀nà kejì, lẹ́tà P ni. Fún P, ẹ gbé òwú wá síwájú iṣẹ́, ẹ ki ẹnu abẹ́rẹ́ láti ẹ̀yìn bọ́ sí iwájú ojú náà, ẹ fi òwú yí i ká, ẹ tì í gba inú ojú lọ sí ẹ̀yìn. K àti P wà nínú àbídí wa. Bí ẹ bá rí K1 P1 nínú ìwé, ohun tí ó wí ni pé: hun K kan, hun P kan, máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá lè kà á. A ti rí ìyá tí inú rẹ̀ dùn nítorí èyí ju bí inú rẹ̀ ti dùn nígbà tí ó gba ìwé ẹ̀rí.

Oníata wa tú èyí tí ó ní ojú 34 pátápátá. Oore tí òwú ń ṣe fún wa nìyẹn, a lè tú u kí a tún un hun. Kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀, ó ka èyí tí ó bá ẹsẹ̀ mu, ó sì kọ ọ́ sí ìwé báyìí:

"Ẹsẹ̀ ìyá mi, ínṣì 9½. Abẹ́rẹ́ 5. Òwú méjì pọ̀. Ojú 30. K nìkan, ebè 26. Lẹ́yìn náà K1 P1, ìlà 12. Rán an."

Ẹ wo bí ó ti kúrú tó. Gbogbo sálúbàtà wà nínú rẹ̀. Ebè 26 yẹn tó nǹkan bí ínṣì 6½ ní ọwọ́ tirẹ̀, ìlà 12 ìkẹyìn sì jẹ́ ínṣì 2, ibi tí yóò bo ọmọ-ìka. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 8½. Ó fi ínṣì kan kéré sí ẹsẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí òwú a máa fà. Èyí tí a bá hun ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ẹsẹ̀ yóò tú lẹ́sẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó tún fi pẹ́ńsùlù fa igi kan fún ebè kọ̀ọ̀kan, tí ó bá pé 5 a fi igi dábùú rẹ̀. Bí oníbàárà bá dé, a gbé òwú sílẹ̀, a wọn ata, a tún padà wo ìwé. Kò sí pé "níbo ni mo dé?" mọ́.

Kí ẹ má rò pé ìwé nìkan tó. Ọwọ́ ènìyàn kì í le bákan náà lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá já yín ní oníbàárà lọ́jà, ẹ ó fa òwú le, ojú 30 yóò sì fún bí 26. Nítorí náà, ẹ máa gbé téèpù lé e ní alaalẹ́, kí ẹ kọ ínṣì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ iye ebè. Bí ebè bá pé ṣùgbọ́n tí ínṣì kò pé, ọwọ́ yín ni. Ẹ sinmi, ó di ọ̀la.

Rírán rẹ̀ kò le. Nígbà tí ìlà 12 bá pé, ẹ gé òwú kí ó kù tó ínṣì 15. Ẹ fi sínú abẹ́rẹ́ ńlá. Èyí tí wọ́n fi ń rán ẹnu àpò lọ́jà ṣe é lò bí kò bá nípọn jù. Ẹ gba inú gbogbo ojú 30 kọjá, ẹ yọ abẹ́rẹ́ ìhun, ẹ fà á bí ẹní ń fa okùn àpò owó. Ẹnu rẹ̀ yóò pa dé, ibẹ̀ ni ọmọ-ìka. Láti ibẹ̀, ẹ rán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀ wá sí òkè ẹsẹ̀, nǹkan bí ínṣì 3½. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣẹ́ ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí méjì, kí ẹ rán an pọ̀. Gìgísẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ pàtàkì fún àwọn tí ó ní àgbàlagbà nílé: òwú lórí táìlì a máa yọ̀. Àgbàlagbà tí ó bá ṣubú, eegun itan rẹ̀ lè kán, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í rìn dáadáa mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má ṣe gbé sálúbàtà òwú lásán fún ìyá yín. Ẹ gé awọ bàtà àtijọ́ tàbí rọ́bà inú táyà ní ìrísí àtẹ́lẹsẹ̀, kí ẹ rán an mọ́ ìsàlẹ̀, ibi iwájú àti ibi gìgísẹ̀. Fọ́kanáísà táyà yóò fún yín ní rọ́bà tí ó ti bàjẹ́ láìgba owó bí ẹ bá bẹ̀ ẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ fúnra yín, kí ẹ rìn lórí táìlì títutù, kí ìyá tó wọ̀ ọ́.

Àwọn tí ó fẹ́ hun ti ọmọ ọwọ́, ẹ yí inú rẹ̀ síta nígbà tí ẹ bá parí, kí ẹ wò ó dáadáa. Gbogbo òwú tí ó yọ sílẹ̀, ẹ rán orí rẹ̀ wọlé kí ẹ sì gé e. Fọ́nrán òwú kan lè wé mọ́ ọmọ-ìka ẹsẹ̀ ọmọ, kí ó dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà. Ọmọ yóò máa ké, a ó máa rò pé inú ni ó ń run ún. Bí ọmọ bá ń ké tí kò dákẹ́, ẹ bọ́ sálúbàtà, ẹ wo ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ìka bá wú tàbí tí ó pọ́n, tí fọ́nrán kò sì ṣe é yọ, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Èkó náà sì gbóná. Bí ara ọmọ bá ń làágùn, kò nílò sálúbàtà.

Ẹ ó bi wá ní ọ̀rọ̀ owó. Kí a má tan ara wa. Ní 1589 ni ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, William Lee, ṣe ẹ̀rọ tí ń hun ìbọ̀sẹ̀. Wọ́n ròyìn pé Ọbabìnrin Elizabeth kọ̀ láti fún un ní ìwé àṣẹ, nítorí ó ń bẹ̀rù pé iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ń fi ọwọ́ hun. Ẹ̀rọ ti ń bá ọwọ́ du ọjà láti ìgbà náà. Sálúbàtà àgbàlagbà tí a fi ẹ̀rọ ṣe pọ̀ ní ọjà, iye owó rẹ̀ sì lè má tó owó òwú yín. Bí ẹ bá fẹ́ tà, a rò pé ti ọmọ tuntun ni kí ẹ dojú kọ, pẹ̀lú fìlà rẹ̀, nítorí òwú díẹ̀ ni ó ń gbà, ẹni tí ó sì ń lọ sí ibi ìkómọ a máa wá ẹ̀bùn tí kò wọ́pọ̀. Ẹ ya ojú-ewé kan sọ́tọ̀ nínú ìwé. Owó òwú, owó ọkọ̀, ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ parí, iye tí ẹ tà á. Bí ẹ bá ti hun 3, ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Ìwé yẹn ni yóò sọ fún yín bóyá kí ẹ máa bá a lọ tàbí kí ẹ máa hun fún ará ilé nìkan.

Ní ìpàdé ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ẹ mú ìwé yín wá, kódà bí sálúbàtà kò bá tíì parí. Ẹni tí ó bá fẹ́ hun ti ọkọ tàbí ti bàbá rẹ̀, kí ó fi téèpù wọn ẹsẹ̀ náà láti gìgísẹ̀ dé orí ọmọ-ìka, kí ó wọn yíká ibi tí ẹsẹ̀ ti fẹ̀ jù, kí ó sì kọ nọ́ḿbà méjèèjì sílẹ̀ wá. A ó jọ ṣe ìṣirò ojú rẹ̀ lórí pátákó.